Pápá Abíọ́lá, pápá Sàdáúnà, pápá Yẹkínì: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò mi

Ọjọ́bọ̀, Àbújá

Kí n tó sọ̀rọ̀ ibòmíràn, ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti pápá ìṣeré Moshood Abiola, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Ẹ̀bá ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú ló wà, kò jìnnà sí ẹnubodè ìlú tí gbogbo èèyàn ń pè ní City Gate. Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù ní Lugbe, onílẹ̀ sì ti ń kọ́lé sí ibi tí a ń lò. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìsinmi níbi iṣẹ́, kí n lọ wo àwọn pápá tí ìjọba fi owó ará ìlú kọ́ ní Òkè Ọya, kí n sì mọ bí ọmọ tálákà ṣe ń ráyè wọ inú wọn.

Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí ti Àbújá, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ilé-iṣẹ́ Julius Berger ló kọ́ pápá àárín gan-an, àyè ìjókòó ibẹ̀ sì jẹ́ 60,491. Ìdíje yìí kan náà ti wá sí Èkó rí ní 1973, tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ pápá Surulere. Àlejò ni wọ́n kọ́ méjèèjì fún, mo sì gbà pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tí èèyàn bá kọ́ torí àlejò, bí àlejò bá ti lọ tán, ta ni yóò máa gbá a?

Koríko Àbújá bàjẹ́ débi pé Super Eagles kó ẹrù wọn lọ sí Uyo àti ibòmíràn, olú ìlú wá di ibi tí wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè mọ́. Nígbà tí Sunday Dare di mínísítà eré ìdárayá ló bẹ àwọn olówó kí wọ́n gba pápá tọ́jú, Aliko Dangote sì fi owó ara rẹ̀ tún koríko náà ṣe. Ó dára púpọ̀, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé àfi ká bẹ ẹnì kan ṣoṣo kí koríko olú ìlú tó lè hù.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá sọ pápá náà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ mọ June 12, wọ́n ń kà á nílé ìwé. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, Abiola Babes, tó gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà láti 1984 sí 1987, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ìrìn-àjò yìí máa tọ̀: Rashidi Yẹkínì, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná. Nígbà tó dàgbà, tó ti dé ilẹ̀ òkèèrè tó ti padà wálé, ó tún gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Julius Berger l'Ékòó. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá Àbújá ti jẹ́ ọ̀gá Yẹkínì rí, ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ọ náà sì ti jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ rí. Mo rò pé ó yẹ kí ẹnì kan kọ èyí sí ara ògiri ibẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń tú ká. Pápá àárín wà ní títì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí koríko tí wọ́n náwó lé lórí kì í ṣe ohun tí gbogbo ayé á máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Ìta ni ayé wà. Àwọn tó ń sáré ń yí pápá ká, obìnrin púpọ̀ wà nínú wọn, àwọn kan so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kíákíá. Èéfín súyà ti ń rú. Ìyá Ìbejì, ọmọ Ìkìrun tó ń ta zóbò àti kunú níbẹ̀, ní òun ti mọ àwọn kan láti ìgbà tí wọ́n sanra títí wọ́n fi rù.

"Ẹ̀yin náà ẹ máa sáré, bùọ̀dá," ló sọ fún mi bó ti ń bu yìnyín.

Òun ló sọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ Gánà fún mi. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2022 ni, ẹni tó bá borí ló ń lọ sí ife àgbáyé ní Qatar. Thomas Partey jẹ góòlù fún Gánà kí eré tó gbóná, William Troost-Ekong dá a padà pẹ̀lú pẹnáritì, ó parí sí 1-1, Gánà sì lọ torí góòlù tí wọ́n jẹ nílé onílé. Àwọn òǹwòran ya wọ inú pápá, wọ́n fọ́ ìjókòó, wọ́n fa àwọ̀n ya. Joseph Kabungo, dókítà ará Zambia tó ń bá àjọ bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, kú ní alẹ́ ọjọ́ náà. FIFA bu owó ìtanràn lé Nàìjíríà, 150,000 fáráǹkì ti Switzerland, wọ́n sì ní ká gbá ìdíje kan láìsí òǹwòran. Ìyá Ìbejì ní ẹsẹ̀ bàtà ni òun ń ṣà nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ti ọmọdé wà níbẹ̀, ti àgbà wà níbẹ̀.

Kí n tó kúrò, mo bá ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn eléré sísá lẹ́yìn ògiri sọ̀rọ̀. Ó ní àyè wà fún ọmọdé ní àwọn pápá kéékèèké tó wà níta, pé kí n kọ lẹ́tà, kí òbí fọwọ́ sí i, kí n kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Idu sí Rigasa

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀. Kìlómítà 186 àti díẹ̀ ni láti Idu ní Àbújá dé Rigasa ní Kàdúná, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù keje 2016. Ẹni tó jókòó tì mí jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbẹ́, ọjà Panteka ní Kàdúná ló ti ń ta irin. A ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí a fi kọjá Jere, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó mú tẹ̀sùbáà jáde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé gbogbo inú ọkọ̀ náà ló ti dákẹ́.

Apá ibẹ̀ ni wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin yìí ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2022. Wọ́n fọ́ ojú irin, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sínú igbó, àwọn kan sì lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni ìdíje Gánà tí mo sọ lánàá. Nígbà tí àwọn èèyàn ń rojọ́ lẹ́yìn náà pé kí ló mú ará Àbújá bínú tó bẹ́ẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù, mi ò gbọ́ kí ọ̀pọ̀ rántí alẹ́ tó ṣáájú. Àwọn tó wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà, èèyàn wọn ń bẹ nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kò tún rìn mọ́ títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún yẹn.

Ní Rigasa, mo wọ kẹ̀kẹ́ NAPEP. Àkókò Jímọ̀ ni, wọ́n ti fi okùn dínà níwájú mọ́ṣáláṣí, a yí gba ẹ̀yìn ìlú kí a tó dé Tudun Wada. Bàbá Ọ̀fà ni mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, ó ti wà ní Kàdúná kí wọ́n tó bí mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú Jímọ̀, Bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"O káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé ẹ wà, ṣé ilé wà? Dìde, dìde, ojú irin kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kú?"

Àmàlà láfún ni Màmá rò fún mi, ọbẹ̀ kúkà ló bù lé e. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ó dùn. Ọ̀fà ni àmàlà, Kàdúná ni ọbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kàdúná

Ọjọ́ yìí ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Bàbá Ọ̀fà wọ fìlà, ó mú ọ̀pá, ó ní òun ò lè jẹ́ kí àlejò dá nìkan lọ sí "ABS". Orúkọ tí gbogbo Kàdúná ń pe pápá ìṣeré Ahmadu Bello nìyẹn.

Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ. Tọkọtaya ayàwòrán ilé tó jẹ́ ará Bìrìtìkó, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn wọ̀nyí kan náà ló ya àwòrán ti yín. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ṣì wà láyé, ó ṣì jẹ́ olórí ìjọba Òkè Ọya, nígbà tí wọ́n parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní 1966 ni wọ́n pa á, ní ìlú Kàdúná yìí kan náà. Bàbá ní àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ó fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù alọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní fives gan-an, pé kì í ṣe ẹni tó kàn fi orúkọ rẹ̀ sára ògiri.

Àyè ìjókòó 16,000 ló wà níbẹ̀. Kò tó ìdá mẹ́ta ti Àbújá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ti fi ṣe. Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè wá sí Kàdúná ní 1977, ó tún padà wá ní 2009. Ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ wá síbẹ̀ ní 1999, ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún náà wá ní 2009. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ranchers Bees gbá bọ́ọ̀lù wọn láti ìlú yìí dé àṣekágbá ife Cup Winners' Cup Áfíríkà ní 1988, kó tó di pé Bizertin ti Tùnísíà borí wọn. Daniel Amokachi inú ẹgbẹ́ yẹn ni Club Brugge wá mú lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Tijani Babangida, ọmọ Kàdúná. Celestine Babayaro, ọmọ Kàdúná. Bàbá ń fi ọ̀pá rẹ̀ kàn wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ tí Nàìjíríà àti Íjíbítì pàdé. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta 2016 ni, wọ́n gbé ìdíje náà wá sí Kàdúná, gbogbo Òkè Ọya sì wá wò ó. Àwọn èèyàn ti kún inú pápá láti àárọ̀. Àwọn kan gun òpó iná, àwọn kan wà lórí pátákó tí wọ́n ń kọ iye góòlù sí. Oghenekaro Etebo jẹ góòlù, ilẹ̀ mì, àfi ìgbà tí Mohamed Salah dá a padà nígbà tí eré fẹ́ parí. Bàbá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọn ò rí ẹnu ọ̀nà. Ó ní rédíò ẹnì kan ni àwọn fi gbọ́ ọ, lábẹ́ igi, lẹ́yìn ògiri tí ariwo ti ń jáde.

"Bàbá, ṣé ẹ ò bínú?"

"Inú kí ni n ó bí? Ọlọ́run ló kó mi yọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sunkún délé."

Mo ń rò ó bí a ti jókòó. Pápá tó gba 16,000 ni wọ́n gbé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wá, nígbà tí 60,491 àyè wà ní Àbújá tí koríko rẹ̀ ti kú. Ewu ńlá ni, Ọlọ́run ló sì ṣe é tí kò di àjálù. Ojúṣe ni ìtọ́jú koríko. Bí ìlú kan bá pa tirẹ̀ tì, ìlú mìíràn ló ń ru ẹrù rẹ̀.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta yìí, ọkùnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n lé ní ogún. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Zaria. Haúsá ló fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ó bá mi sọ Yorùbá ògidì, ó tún yí padà sí Haúsá láàárín gbólóhùn kan. Ike omi tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n rọ iyanrìn sí, ni wọ́n tò sílẹ̀ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù yí ká. Mo ń wo ọmọ méjì kan. Ìgbàkigbà tí kóòṣì bá fọn fèrè, ọ̀kan á sáré wá síbi ògiri, á bọ́ bàtà, èkejì á wọ̀ ọ́, á so okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yí ọrùn ẹsẹ̀ torí ó tóbi jù fún un, á sì wọlé. Ẹni tó bọ́ bàtà á dúró láìwọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀, á máa pàṣẹ fún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ láti ìta pé kó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Wọn ò jà. Wọn ò tilẹ̀ wo ojú ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń pàrọ̀ rẹ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Kóòṣì ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe rí àyè. Lẹ́tà ló kọ sí àwọn tó ń bójú tó pápá, ó sì lọ fúnra rẹ̀ léraléra títí wọ́n fi mọ ojú rẹ̀. Aago tí wọ́n fún wọn ni wọ́n ń lò, kì í kọjá rẹ̀. Bí wọ́n bá parí, àwọn ọmọ ló ń ṣa ọ̀rá omi àti ọ̀rá mìíràn tó wà nílẹ̀, títí kan èyí tí kì í ṣe tiwọn. "Kò sẹ́ni tó máa lé ọmọ tó ń gbálẹ̀," ló wí. Ọgbọ́n yìí ni mo rà ní Kàdúná, mo sì fẹ́ lò ó.

Ìrọ̀lẹ́, a gba Murtala Square kọjá, àwọn èèyàn ṣì ń sáré níbẹ̀. Bàbá fi pátákó ìpolówó ìjà ẹ̀ṣẹ́ dàǹbè hàn mí, ó ní òun fẹ́ràn ìyẹn ju bọ́ọ̀lù lọ. Mi ò gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, Kakuri, mo sì padà sí Àbújá

Mo ní kí Bàbá sinmi, ó kọ̀. A lọ sí apá gúúsù ìlú, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ wà. Kaduna Textiles ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, ó kógbá sílé ní 2002. UNTL (United Nigerian Textiles), tí Bàbá ti ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tì ní 2007. Wọ́n tún un ṣí ní 2010, ṣùgbọ́n kò dé bó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù UNTL ni Rashidi Yẹkínì ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí 1981. Ibẹ̀ ló gbà dé Shooting Stars n'Íbàdàn, ó bọ́ sí Abiola Babes, ó lọ sí Africa Sports ní Kọtidifúà, ó dé Vitória Setúbal ní Pọtogí, níbi tó ti di ẹni tó jẹ góòlù jù lọ ní líìgì wọn ní 1993-94, góòlù 21. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993.

Bàbá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ń wo ògiri gígùn náà. Ó ní nígbà ayé wọn, iṣẹ́ ló ń dúró de ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ọ̀gá á gbà ọ́ síṣẹ́, wàá ṣiṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á dá ọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ kí o lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó oṣù rẹ kò ní dín. Òbí kò lè bá ọmọ jà pé bọ́ọ̀lù fẹ́ bayé rẹ̀ jẹ́, torí bọ́ọ̀lù náà ló ń gbé oúnjẹ wálé. Báyìí, pápá ABS ṣì dúró, ilé-iṣẹ́ ló wó. Mo wá rí i pé mo ti ń fi gbogbo ẹ̀bi lé pápá lórí. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ABS lónìí, láti ibẹ̀ lọ síbo? Kóòṣì rẹ̀ kò ní ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan tó lè mú un lọ bá. Aṣojú tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ òbí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pàdé.

Mo bá ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ padà.

Ọjọ́ Ajé, ojú ọ̀nà Ìlọrin

Lókòjà, Obájànà, Kábbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ́, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ akẹ́rù sì pọ̀ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé. Mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìlọrin

Pápá ìṣeré ìpínlẹ̀ Kwara wà ní ọ̀nà Ibrahim Taiwo. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀ pé pápá ìṣeré ni, torí ìsọ̀ ló bo ògiri rẹ̀. Aṣọ, fóònù, bàtà, ìwé, oríṣiríṣi ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, "Stadium" ni wọ́n sì ń pe ọjà náà. Mo ra okùn bàtà fún àwọn ọmọ, mo bi ìyá tó ta á fún mi bóyá ó ti wọ inú pápá rí. Ó ní òun ti wọ̀ ọ́ rí, fún ìdíje ilé ìwé ọmọ òun, ọmọ náà sì ṣe ipò kejì ní eré ọgọ́rùn-ún mítà. Ó fẹ́ sọ fún mi nípa ẹni tó ṣe ipò kìíní, pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu, oníbàárà sì dé.

Èrò mi ni pé ìsọ̀ lára ògiri pápá kò burú. Pápá tí èèyàn ń rọ́ wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè di igbó. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí owó ìsọ̀ tó yí pápá ká máa ra koríko, kó máa fa omi, kó máa san owó ẹni tó ń gé e. Bí Àbújá bá ṣe èyí láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò ní sí ìdí tí wọ́n fi máa bẹ olówó kankan.

Nínú lọ́hùn-ún, àyè ìjókòó bí 18,000 ló wà, orúkọ tó wà lórí pápá àárín báyìí sì ni ti Rashidi Yẹkínì. Mo dúró síwájú orúkọ náà fún ìgbà pípẹ́. Inú mi dùn pé Kwara rántí. Kwara United ló ń lo ibẹ̀, àwọn tó gba ife Ààrẹ ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìtàn wọn. Iléèwé bọ́ọ̀lù Kwara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, wà nínú ọgbà kan náà. Èyí ni mo wá rí gan-an, torí pé ó fún ọmọ ní ohun tí UNTL ń fún àwọn ọmọ Kàdúná nígbà náà: ibi tó lè gbà lọ síwájú. Ọmọ ń kàwé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì lè fojú rí ẹgbẹ́ àgbà lórí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kóòṣì kan níbẹ̀, àgbàlagbà ọmọ Ìlọrin, gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fi wàrà ṣe mí lálejò kó tó jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun. Mo sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Lugbe fún un. Ó ní kí n má ṣe kọ lẹ́tà mi bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan, kí n kọ ohun tí àwa náà máa ṣe fún pápá sínú rẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ "ẹ jọ̀ọ́" nìkan, wọ́n á gbé e sí abẹ́ àwọn lẹ́tà "ẹ jọ̀ọ́" yòókù.

"Sọ fún wọn pé àwọn ọmọ rẹ máa ṣe ọmọ tó ń kó bọ́ọ̀lù tó bá jáde lọ́jọ́ ìdíje. Sọ pé wọ́n máa fá koríko etí pápá. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ níbì kan, kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ló wá ṣe."

Ọjọ́rú, Ìrá

Ìrá kò jìnnà, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ni, lẹ́bàá Ọ̀fà. Gbogbo Yorùbá mọ̀ ọ́n sí ìlú tí Ọya wọlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni ìdílé Yẹkínì ti ṣí lọ sí Kàdúná, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, lẹ́yìn tó kú n'Íbàdàn ní ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún 2012. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni.

Mo bá àwọn ọ̀dọ́ kan lábẹ́ igi, mo béèrè bóyá wọ́n ti wo góòlù Bùlùgéríà rí. Gbogbo wọn ti wò ó lórí fóònù. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà 1994, ní Dallas: Finidi George gbé bọ́ọ̀lù kọjá, Yẹkínì tì í wọlé, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife àgbáyé. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín rẹ̀, ó dì í mú, ó ń sunkún, ó ń pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dìde, ó ṣe é fún wa pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni Yẹkínì ń sọ orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń pariwo yẹn. Mo ní mi ò mọ̀ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo lè dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ fún un ní ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù, mo sì sọ ọ̀rọ̀ UNTL fún wọn. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n béèrè pé ṣé ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ń ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù nígbà náà. Wọ́n tún béèrè pé kí ló dé tí kò sí mọ́.

Kóòṣì Ìlọrin pè mí nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ tó ń padà lọ. Ó ní bí Kwara United bá ń lọ bá Pillars ní Kánò, àyè wà nínú bọ́ọ̀sì àwọn alátìlẹ́yìn, kí n mú méjì nínú àwọn ọmọ mi wá. Pápá Sani Abacha tó wà ní Kofar Mata ni wọ́n ti ń gbá a, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1998, tí ife Áfíríkà 2000 sì dé. Àwọn ará Kánò máa ń pariwo "Sai Masu Gida!" (àfi àwọn onílé!) níbẹ̀ títí etí á fi di. Mo ti mọ àwọn ọmọ méjì tí mo máa mú lọ. Ìyá wọn ló kù kí n bẹ̀, torí ọ̀nà.